Omi Tí Wọ́n Sé Lókè Masẹ̀

Ilé Àtijọ́ ni à ń pe ibẹ̀. Bí àlejò bá débẹ̀, igbó lásán ni yóò rí: igi obì mélòó kan, ọ̀pẹ, pèrègún níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, àti òkìtì amọ̀ pupa níbi tí ògiri ti wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n agboolé wa ni. Ibẹ̀ ni bàbá bàbá mi ń gbé kí ogun tó lé wọn wá sí Aja-Wẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ padà sí. Ìdí pèrègún kọ̀ọ̀kan ni ẹnì kan nínú wa sùn sí. Ìyá mi ló débẹ̀ kẹ́yìn. Abà bàbá mi kò jìnnà síbẹ̀, abà yẹn ni àìsàn ti ká ìyá mi mọ́, nígbà tó sì kú, bàbá mi ní òun kò ní gbé e lọ síbòmíràn. Ó ní àárín àwọn àna rẹ̀ ni kó wà, nítorí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀.

Odò wa ń ṣàn kọjá nísàlẹ̀ Ilé Àtijọ́. Kì í ṣe odò ńlá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè là á kọjá kí omi má dé orúnkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ pupa ti pin, tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí àfonífojì ilẹ̀ dúdú, odò náà ń já bọ́ láti orí yangí, a sì máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀ kí a tó rí i. Lẹ́yìn náà ló ń rọra wọ́ lọ sí Masẹ̀, níbi tí mo ti relé ọkọ.

Adẹ́mu ni ọkọ mi, ọ̀pẹ ló ń gùn. Èmi ń ṣe láfún. Ní Masẹ̀ nígbà náà, obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀ létí odò tó gbẹ́ kòtò sí, tó ń rẹ gbágùúdá rẹ̀ sí. Omi gbọ́dọ̀ máa wọlé lápá kan kó sì máa jáde lápá kejì. Bí omi bá dúró, láfún yóò dúdú, òórùn rẹ̀ yóò sì lé ènìyàn sá. A máa ń jà nígbà mìíràn nítorí ẹni tó gbẹ́ kòtò tirẹ̀ sókè ju ti ẹlòmíràn lọ, a ó sì parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹjọ́ omi tí mo mọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ títí òyìnbó fi dé.

Ìjọba Faransé kò tí ì pẹ́ lórí wa nígbà yẹn. A ti mọ owó orí, a ti mọ iṣẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń fi tipátipá kó àwọn ọkùnrin sí, ṣùgbọ́n òfin wọn ṣì ṣókùnkùn sí wa. Òyìnbó tí mo ń sọ kì í ṣe ará ìjọba. Oníṣòwò ni, èkùrọ́ ló ń rà. Ó gbẹ, imú rẹ̀ ń bó nínú oòrùn, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín púpọ̀. N kò lè sọ pé ènìyàn burúkú ni. Nígbà tó kọ́kọ́ gòkè wá síbi tí omi ti ń já bọ́, mo wà lóko bàbá mi, mò ń bá a ká àgbàdo. Òyìnbó náà bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ọwọ́ sínú omi tó ń já, ó dì í mú bí ẹni tó di okùn ẹṣin mú, ó sì ń rẹ́rìn-ín nìkan.

Ògbufọ̀ kan bá a wá, ọmọ Àjàṣẹ́ tí bàtà aláwọ rẹ̀ ń há a lẹ́sẹ̀. Ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Gùn, èdè ìlú tirẹ̀, ó sì gbọ́ tiwa dáadáa.

Ó ní, "Bàbá, òyìnbó ní omi yín yìí ń ṣòfò."

Bàbá mi gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀. "Sọ fún un pé omi kì í ṣòfò. Ó ní ibi tó ń lọ."

Ògbufọ̀ sọ ọ́. Òyìnbó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣàlàyé. Ó fẹ́ fi òkúta mọ ògiri dí odò náà lókè, kí omi kún sẹ́yìn ògiri náà, kó wá gba inú ọ̀pá irin ńlá sọ̀ kalẹ̀, kó máa yí kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà ni yóò máa pa èkùrọ́. Irin mìíràn tún wà tí wọn ó so mọ́ kẹ̀kẹ́ náà, irin yẹn ni yóò máa tan iná sínú ìgò láìsí epo, láìsí òwú.

Bàbá mi wo ògbufọ̀ lójú. "Iná látinú omi?"

"Bàbá, ohun tó wí ni mo wí."

"Omi tó bá sé, níbo ni yóò dúró sí?"

Nígbà tí wọ́n bi òyìnbó, ó gbé apá rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá gbogbo ilẹ̀ tó wà lókè odò mọ́ra, láti ìdí yangí títí dé ibi tí pèrègún ìyá mi wà. Bàbá mi wo ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú àdá rẹ̀, ó padà sídìí àgbàdo.

Àárín òjò ni àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wá. Wọ́n gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan kalẹ̀, wọ́n ń fi ojú kan wo inú rẹ̀, wọ́n sì ri èèkàn mọ́ etí odò láti mọ bí omi ṣe pọ̀ tó. Odò kún, ó pọ́n bí osùn. Ìyá ọkọ mi, tó bá wa lọ wòran, sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé kó padà wá lọ́gbẹlẹ̀ kó wá rí odò yìí kan náà. Ọkùnrin náà mi orí sí i tìwàtìwà, kò sì gbọ́ ohun tó wí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀mándan, òyìnbó ìjọba tó ń ṣàkóso agbègbè wa, ránṣẹ́ pe gbogbo wa sábẹ́ igi àràbà. Àwọn ènìyàn ti Aja-Wẹ̀rẹ̀ wá, ti Masẹ̀ wá, ti Oko-Akarẹ̀ wá. Ògbufọ̀ kan náà ló dúró ní àárín. Ó ṣàlàyé pé gbogbo odò tó ń ṣàn, ti ìjọba ni. Ilẹ̀ tí kò bá sì ní olúwa, ìjọba lè fi í fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Wọ́n ń pe irú ìfúnni bẹ́ẹ̀ ní kọ̀nsẹ́syọ̀n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fi í fúnni, wọn yóò lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé kọ̀mándan, ẹnikẹ́ni tí ọ̀ràn náà bá sì kàn lè wá sọ tẹnu rẹ̀ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Bí oṣù bá parí, ẹnu ti pa dé.

Ẹnì kan láti Oko-Akarẹ̀ béèrè pé, "Èdè wo ni wọ́n fi kọ ìwé náà?"

Ògbufọ̀ wolẹ̀. "Èdè Faransé ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń ro ohun tó máa wí.

Ó lọ kí oṣù náà tó parí. Èmi ni mo ru oúnjẹ tẹ̀lé e, nítorí ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ sì ń dùn ún. Inú ilé tí wọ́n fi ẹfun kùn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Kọ̀mándan jókòó, ògbufọ̀ dúró, olórí ìlú wa sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí n sọ ẹni tí olórí yìí jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ọmọ ìyá kan náà. Àwọn Faransé ló fi í joyè nígbà tí wọ́n yọ ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì mú ẹni yẹn lọ, a kò rí i mọ́. Ọjọ́ tí ìyá mi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí sunkún títí ohùn rẹ̀ fi ha. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ gbin pèrègún tó wà lórí rẹ̀.

Bàbá mi sọ pé ilẹ̀ náà ní olúwa. Ó dárúkọ àwọn tó sùn síbẹ̀ láti orí bàbá bàbá rẹ̀ wá. Kọ̀mándan ní kí ògbufọ̀ béèrè bóyá ilé wà níbẹ̀. Bàbá mi ní ilé ti wó. Ó béèrè bóyá ìwé kankan wà. Bàbá mi ní pèrègún wà.

Nígbà náà ni kọ̀mándan yíjú sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi. "Ìwọ ni olórí. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ń gbé lórí ilẹ̀ yìí?"

Mo rí i tó ń fi àtàǹpàkò pa ìka rẹ̀ kejì. "Rárá," ló wí. "Kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀."

Kò purọ́. Kò sì sọ òótọ́. Wọ́n ti ìwé kan síwájú rẹ̀, wọ́n fi yíǹkì kun àtàǹpàkò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí a jáde, ó tẹ̀lé wa dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Àna mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tó wà níbẹ̀ kó tó kàn mí."

Bàbá mi dá a lóhùn láìbínú. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà lọ́jà, àna mi. Ẹ jókòó sí àárín ọjà gan-an."

Ohun kan ṣoṣo tí a mú bọ̀ ni ohun tí ògbufọ̀ sáré wá sọ fún wa lójú ọ̀nà. Ó ní àdéhùn wà nínú ìwé náà: òyìnbó oníṣòwò kò gbọdọ̀ gba gbogbo omi. Ilẹ̀kùn kan yóò wà nísàlẹ̀ ògiri náà, ó sì gbọ́dọ̀ máa ṣí i kí omi máa lọ bá àwọn tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi ní Masẹ̀, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó ní, "Ó kéré tán, wọ́n rántí pé a wà."

Bàbá mi kò dúró kí omi wá bá àwọn òkú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti òun lọ sí Ilé Àtijọ́. Kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá wa lọ. Kò wú egungun. Erùpẹ̀ ló bù níbi orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, ó ń pe orúkọ wọn, ó ń ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n má bínú, kí wọ́n tẹ̀lé òun. Mo na aṣọ funfun sílẹ̀, ó ń dà á sí i. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, kò rí orúkọ pè. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀. Èmi ni mo pè é. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ." Ìgbà yẹn ló tó bu erùpẹ̀ náà. Mo ru gbogbo wọn lórí wá sí Aja-Wẹ̀rẹ̀, bàbá mi sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀. Wọn kò wúwo.

Wọ́n kó àwọn ọkùnrin jọ láti kọ́ ìsédò náà. Láti Masẹ̀, láti Tatonnonkon, láti ibi gbogbo, wọ́n ń ru òkúta. Ọkọ mi wà nínú wọn. Ó máa ń dé pẹ̀lú èjìká tó ti bó, mo sì ń fi òrí pa á. Adẹ́mu kì í fẹ́ kí nǹkan ṣe èjìká rẹ̀, nítorí apá àti èjìká ló fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn kan parí kí ògiri náà tó dúró. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó bo oko àgbàdo bàbá mi, ó bo òkìtì amọ̀, àwọn igi obì sì dúró sínú omi, ewé wọn ń pọ́n, ó ń já.

Kí n má parọ́ mọ́ ohun tí ojú mi rí: ọjọ́ tí wọ́n tan iná náà, ó lẹ́wà. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ìgò kékeré kan lórí òpó, ó kọ́kọ́ pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ, lẹ́yìn náà ó funfun, kò sì mì lẹ̀gbẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ọmọ mi obìnrin wà lẹ́yìn mi. Kò tí ì mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ. Ó na ọwọ́ sí iná náà, ó ní, "Òṣùpá." Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Òyìnbó náà béèrè ohun tó wí, nígbà tí wọ́n sì sọ fún un, ó fún un ní ṣúgà.

Ọdún àkọ́kọ́ lọ láìsí wàhálà ńlá. Òyìnbó náà ń ṣí ilẹ̀kùn omi, odò ń dé ọ̀dọ̀ wa, bó tilẹ̀ dín kù. Lẹ́yìn náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú àwọn òyìnbó, wọ́n sì pe òun náà. Ìyàlẹ́nu ni fún wa pé wọ́n lè fi tipá kó òyìnbó bí wọ́n ti ń kó àwọn ọkùnrin wa. Kó tó lọ, ó dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó ti ilẹ̀kùn omi náà pa, ó fi ṣẹ́ẹ̀nì àti àgádágodo dè é, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání. Bóyá ó rò pé kò ní pẹ́ dé. Òjò ń rọ̀ nígbà náà, omi ń kún, ó ń ṣàn gba orí ògiri kọjá, kò sí ẹni tó fura.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Omi ẹ̀yìn ògiri lọ sílẹ̀ díẹ̀, kò gun orí ògiri mọ́. Ohun tó kù fún wa nísàlẹ̀ kò ju kòtò kòtò lọ, omi aláwọ̀ ewé tí kò lọ síbì kankan. Gbágùúdá tí a rẹ sínú rẹ̀ rà, a dà á nù. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹja kú. Àwọn obìnrin tó lágbára ń gòkè lọ pọn omi lẹ́yìn ògiri, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ga, lílọ àti bíbọ̀ ń gba gbogbo òwúrọ̀.

Àwọn ọkùnrin Masẹ̀ lọ bá olórí, olórí lọ bá kọ̀mándan. Nígbà tó padà dé, ó pè wá jọ. Mo ti bí ọmọ kejì, ara mi kò tí ì yá, ṣùgbọ́n mo lọ.

Ó ní, "Kọ̀mándan ní ohun oníhun ni. Kò sí ẹni tó láṣẹ láti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà àfi ẹni tó ni ín."

Ọkọ mi dìde. "Àdéhùn tó wà nínú ìwé ńkọ́? Wọ́n ní kò gbọdọ̀ gba gbogbo omi."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, àdéhùn wà. Òyìnbó oníṣòwò ni àdéhùn náà dè. Òyìnbó oníṣòwò kò sì sí nílé. Ta ni kí òun wá sọ fún?"

Títí di òní n kò mọ ohun tí ènìyàn lè fi fèsì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n mú ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́ ọ̀nà. Ó ku èmi, ìyá ọkọ mi, ọmọ tuntun, àti ọmọ mi obìnrin. Ìyá ọkọ mi ti dàgbà, síbẹ̀ òun ló ń gòkè lọ pọn omi pẹ̀lú ìkòkò kékeré kan, ó ń sinmi lójú ọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà. Omi náà kì í tó. A ń pín in mu. Mo kìlọ̀ fún ọmọ mi pé kó má mu omi inú kòtò, ó sì ń gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni. Oòrùn mú, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń ṣeré létí odò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bu omi yẹn mu.

Ìgbẹ́ ọ̀rìn ló mú un. A wá ewé, a wá egbòogi, a se ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Kò gba nǹkankan. Ara rẹ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Mo gbé ọmọ tuntun sí apá kan, mo gbé e sí apá kejì. Ó ń béèrè omi, mo ń fún un, omi náà kì í dúró nínú rẹ̀. Ọ̀sán gangan ló kú, nígbà tí àwọn ìyàwó ilé ń gún àgbàdo, ariwo odó ń dún níta bí ẹni pé nǹkankan kò ṣẹlẹ̀.

Bàbá mi wá láti Aja-Wẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi kò sí nílé, wọn kò jẹ́ kó wá. Bàbá mi àti àwọn ọkùnrin ilé ni wọ́n gbé e lọ sin. Àbíkú kọ́, wọn kò sin ín sígbó. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sin ín sí. Nígbà tí wọ́n parí, bàbá mi wọlé wá bá mi, ó jókòó lórí ẹní.

Ó ní, "Ìyá mi," bó ti máa ń pè mí, "omi inú kòtò yẹn ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó gbé ọmọ tuntun lé ẹsẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ pẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú àáké lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ilé, ó gòkè lọ. Kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pọn omi ló ròyìn fún mi. Wọ́n ní ó kí wọn dáadáa, ó ní kí wọ́n gbé ìkòkò wọn kúrò létí omi kí ó má baà gbé wọn lọ, ó sọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà. Kò fọwọ́ kan ṣẹ́ẹ̀nì. Pákó ilẹ̀kùn ló ń gé. Arúgbó ni, ó ń gé, ó ń sinmi, ó tún ń gé. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní kó gbé àáké fún òun, ó kọ̀. Ó ní kò sí ìdí tí wọn ó fi mú ẹni méjì.

Mo wà nínú ilé ní Masẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ igbe àwọn ọmọdé. Wọ́n ń kígbe pé, "Odò dé! Odò dé!" Omi pupa, tó ru erùpẹ̀ àti ewé rírà, ń bọ̀ láàárín òkúta. Àwọn obìnrin jáde, àwọn kan ń jó. Ìyá ọkọ mi jókòó sílẹ̀ ó ń sunkún. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Inú mi kò dùn, inú mi kò bàjẹ́ ju bó ti wà lọ. Mo kàn ń wo omi náà, mo ń rò ó pé ì bá má pẹ́ tó báyìí.

Àwọn ẹbí bẹ bàbá mi pé kó sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sá nígbà yẹn. Kò jìnnà. Ó ní, "Bí mo bá sá, wọn ó ní olè ni mo jà." Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀ ní Aja-Wẹ̀rẹ̀ títí àwọn sójà kọ̀mándan fi wá mú un.

Ilé ẹfun yẹn náà ni wọ́n ti dá ẹjọ́ rẹ̀. Mo pọn ọmọ, mo lọ. Kọ̀mándan ti yí padà, ẹlòmíràn ni, ọ̀dọ́. Ògbufọ̀ kò yí padà, bàtà rẹ̀ ló yí padà. Olórí ìlú àti àgbà kan láti Tatonnonkon jókòó láti gbà á nímọ̀ràn lórí àṣà wa.

Kọ̀mándan bi bàbá mi pé, "Ta ló fún ọ láṣẹ láti fọ́ ilẹ̀kùn ẹlòmíràn?"

Bàbá mi ní, "Ọmọ ọmọ mi."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Kọ̀mándan béèrè ibi tí ọmọ ọmọ náà wà. Èmi ni mo dáhùn láti ẹ̀yìn, láìjẹ́ pé wọ́n bi mí. Mo ní, "Ẹ̀yìn ilé wa ló wà, ní Masẹ̀."

Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi dìde. Ó ní kí ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ bó ti rí gan-an, kó má fi kún un, kó má yọ nínú rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n bi mí nínú ilé yìí bóyá ẹnikẹ́ni ń gbé lórí ilẹ̀ náà. Mo ní rárá. Àbúrò mi ń gbé ibẹ̀. Èmi ni mo gbin pèrègún lé e lórí. Ilẹ̀ náà ní olúwa, mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù ló bà mí. Bí ẹ bá fẹ́ mú ẹnì kan, ẹ mú èmi."

Kọ̀mándan náà gbọ́ ọ délẹ̀. Kò pariwo. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé wá, ó kà á. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀. Ó ní ti ilẹ̀, ẹnu ti pa dé, àkókò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àtakò ti kọjá tipẹ́, òun kò lè gba ohun tí ìjọba ti fi fúnni padà. Ti omi, ó ní òótọ́ ni pé àdéhùn wà, nítorí náà kí ilẹ̀kùn náà wà ní fífọ́ bó ti wà títí ẹni tó ni ín yóò fi dé. Ti bàbá mi, ó ní ẹni tó fọ́ ohun oníhun gbọ́dọ̀ lọ sẹ́wọ̀n, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù yóò máa fi àáké dá ẹjọ́ ara rẹ̀. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kí òjò tó dé.

A borí, a sì pàdánù. Bí wọ́n ti ń mú bàbá mi jáde, ó ní kí n sún mọ́ òun. Mo rò pé ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ńlá kan. Ó ní, "Bá mi fi omi wọ́n ilẹ̀ tí a kó àwọn òkú wa sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ."

Wọ́n mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta fún ọ̀nà. Nígbà tó padà, ó gbẹ bí igi, ikọ́ sì wà láyà rẹ̀ tí kò lọ mọ́. Ọkọ mi ti dé nígbà náà. Òun ló gbé e pọ̀n wá láti ìkóríta, nítorí kò lè rìn dé ilé. Ó dé odò wa kó tó kú. Ó bu omi, ó bọ́jú, ó jókòó síbẹ̀ pẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú omi.

Ọjọ́ tí a sin ín, ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá. Kò wọlé. Ó dúró níta nínú oòrùn, fìlà lọ́wọ́. Àwọn ará ilé ń wò mí bóyá n ó lé e. Mo bá a níbẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ àbúrò mi, ṣé kí n bá wọn gbẹ́ ilẹ̀?"

Mo gba fìlà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a mú un dání, ó wọlé lọ gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi.

Òyìnbó oníṣòwò kò padà wá mọ́. Àwọn kan ní ó kú sógun, àwọn kan ní ó fẹ́ ìyàwó níbòmíràn. Kẹ̀kẹ́ náà ń jẹra níbi tó wà, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ àwọn kan wá kó irin rẹ̀ lọ. Omi fà kúrò lórí ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n igi obì wa kò yè é, kò sì sí ẹni tó padà lọ dáko síbẹ̀, nítorí ìwé ṣì sọ pé ti òyìnbó ni.

Ọmọ tí mo pọ̀n lọ sílé ẹjọ́ náà ti dàgbà. Òun ló kọ́ mi ní ìwé kíkà, nígbà tí irun mi ti funfun. Lọ́jọ́ kan, níbi tí a ti ń sá láfún, ó bi mí pé báwo ni ẹ̀gbọ́n òun ṣe rí. Mo sọ fún un pé ó dúdú, ó ní àlàfo láàárín eyín, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa gbé òun. Ó ní, "Ohùn rẹ̀ ńkọ́, Ìyá?"

Mo wá a nínú ara mi. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi, mo gbọ́ ti ìyá mi. N kò rí ti ọmọ mi.